Agbálẹ̀

Agbálẹ̀ ni wọ́n kọ sára káàdì iṣẹ́ mi.
Agbálẹ̀ náà ni orúkọ òdòdó yìí
tó ga jù mí lọ, tí ojú rẹ̀ pọ́n bíi pupa ẹyin,
tó gba ọgbà ìtura létí odò Ásà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun.
Èmi ń gbálẹ̀ láti aago méje di aago méjì.
Òun kì í ṣíwọ́.

Ọ̀gá Búsàírì jókòó sábẹ́ dóńgóyárò,
ó na ọ̀pá:
"Àjèjì ni. Ẹ hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò!"
Mo gbójú sókè wo dóńgóyárò.
Ewé kan já bọ́ sórí fìlà ọ̀gá. N kò fọhùn.
Ta ní í bi ibòji pé níbo lo ti wá
nígbà tí oòrùn Ìlọrin bá ń ta?
Bàbá bàbá tèmi gan-an, Tápà ni;
ẹja ló gbé wá tà tó fi di ará Amilẹ́gbẹ́.

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́.
Níbi tí mo dúró sí yìí, kí katapílà tó la ọ̀nà,
kí ẹrẹ̀ táyà rẹ̀ tó já irúgbìn kíún-kíún sílẹ̀,
Sínátù ìyá mi a máa já ebòlò kún agbọ̀n.
Bẹẹrẹ wà nígbà náà, ẹ̀gà ń ya á fi kọ́lé.
Wọ́n ní ebòlò kì í rùn kí igbẹ́ má gbà á.
Ó dáa.
Igbẹ́ ọ̀hún dà?

Lánàá, ìyàwó tuntun kan dé pẹ̀lú ayàwòrán.
"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gé ìyẹn."
Mo fi àdá pamọ́ sẹ́yìn.
Ó fara ti òdòdó, ó rẹ́rìn-ín.
Ó rẹwà. Àwọn méjèèjì rẹwà.
Nígbà tó lọ tán, mo gé e.
Oje rẹ̀ lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́;
mo fọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi yanrìn họ ọ́,
tùwó alẹ́ ṣì korò lẹ́nu mi.

Àwẹ̀ró ní ká dáná sun ún.
A ti sun ún rí, lóṣù Ẹrẹ́nà.
Òjò kan péré ló rọ̀.

Lónìí, lábẹ́ kùkùté tí mo gé,
mo rí ebòlò kan, kò ga ju àtàǹpàkò lọ.
N kò wí fún ọ̀gá.
Mo fi bíríkì mẹ́ta yí i ká,
mo wò ó títí.
Ìyá mi ì bá ti já a.