Eyín Méjì

Oṣù kẹta ti wọlé, yìnyín ò tíì gbọ́.
Ní Thunder Bay, adágún ṣì dì gbagidi,
èmi Taimi, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin,
tó fi ọgbọ̀n ọdún wa bọ́ọ̀sì ọmọléèwé,
mo kúnlẹ̀ lórí páálí nínú gáréèjì
níwájú Họ́ńdà ọdún 1983,
alùpùpù arìnrìn-àjò, abàyà gbàgà,
àpótí lọ́tùn-ún, àpótí lósì,
ó wúwo bí àna tó wá kí ni, tí kò rántí ilé mọ́.

Ẹni tó tà á fún mi ní Kenora búra:
"Mo ti pààrọ̀ bẹ́líìtì rẹ̀, ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀."
Mo ní, ọdún wo?
Ó wo òrùlé.

Veikko, àbúrò ọkọ mi, jókòó lórí bákẹ́ẹ̀tì,
ó ń mu kọfí, ó ń fi ọgbọ́n ṣòfò:
"Ṣebí ó ń ṣiṣẹ́? Kí lo wá ń tú ìfun rẹ̀ sí?"
Veikko, rọ́bà ò ní ahọ́n.
Ṣéènì a máa pariwo kó tó já,
bíréèkì a máa ké,
ṣùgbọ́n bẹ́líìtì àsìkò,
òun tí í sọ fún fáàfù pé ṣí, tí í sọ pé padé,
tí kì í jẹ́ kí písítìn gòkè wá bá a lẹ́nu ọ̀nà,
jẹ́ẹ́jẹ́ ló ń gbó, jẹ́ẹ́jẹ́ ló ń já,
ní ìtòsí Wawa, lóru, nínú òjò,
níbi tí fóònù ò ti rí òpó kankan dì mú.

Mo yọ ìbòrí dúdú.
Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó rọ ọ́ ṣì funfun lẹ́yìn rẹ̀.
Àtìbẹ̀rẹ̀ ni! Ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò kàn án rí.
Mo tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka méjì,
ó sán wẹ́wẹ́ bíi gìgísẹ̀ mi ní ìgbà òtútù.
Veikko gbé kọfí sílẹ̀.

Bẹ́líìtì tuntun méjì, tọ̀tún, tòsì.
Mo yí ṣáńkì títí àmì T fi yọ lójú fèrèsé kékeré,
ọfà kọjú sí àmì, ọfà kejì kọjú sí tirẹ̀.
Mo wọ̀ wọ́n. Mo ní kí Veikko na sípánà sí mi,
mo yíjú gbà á, mo dì í, mo rò pé ó parí.

Ẹ ò ní gbé kọ́kọ́rọ́ sí i o, ọwọ́ la fi ń kọ́kọ́ yí i.
Mo yí i, rọra. Ó lọ, ó lọ,
ó dúró.
Ohun líle kan nínú lọ́hùn-ún ti fara kan ohun líle.
Veikko ní, "Tẹ̀ ẹ́, ó gan ni."
Ọwọ́ mi fẹ́ tẹ̀ ẹ́, n ò ní purọ́.
Àmọ́ mo rántí òwúrọ̀ kan lójú ọ̀nà Kakabeka:
ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì kọ̀, kò padé,
mo ti fẹ́ fi agbára fà á,
okùn ẹ̀wù òtútù Darcy ló há sí i,
Darcy, ọmọ ọdún mẹ́fà, tó dúró nínú yìnyín
tó ń wò mí, tí kò tilẹ̀ sunkún.

Mo tú u padà. Mo tan tọ́ọ̀ṣì.
Eyín méjì.
Nígbà tí mo yíjú, sípíríngì fáàfù ta jíà òsì,
ó fo eyín méjì péré,
kò tó fífẹ̀ èékánná àtàǹpàkò.

Mo tún un wọ̀. Mo yí i lẹ́ẹ̀mẹrin,
n kò mí títí ọfà fi padà sílé.
Veikko lọ fọ kọ́ọ̀bù rẹ̀, ohun tí kì í ṣe.

Kí n tó dé e, mo mú ọ̀dà funfun,
mo kọ ọjọ́, oṣù, ọdún sí inú ìbòrí,
mo kọ Taimi sí abẹ́ rẹ̀.
Ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ mi, tó bá béèrè,
n ò ní wo òrùlé.