Ohun Tó Dán

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n pé lánàá,
a gbé kúbù méjèèjì jáde nínú omi
níyàrá ẹ̀rọ wa ní Apẹ̀tẹ́.
Ọwọ́ Rẹ̀mílẹ́kún ló po méjèèjì,
sìmẹ́ńtì inú àpò kan, omi inú kẹ́ẹ̀gì kan,
òkúta nìkan ni kì í ṣe ọmọ ìyá.

Ọ̀kan wá láti Odò Ọnà,
ó rí róbótó, ó ń dán bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá;
omi ti ń fọwọ́ pa á lára kí wọ́n tó tẹ Ìbàdàn dó.
Ìkejì, ẹ̀tù ló fọ́ ọ lára àpáta lọ́nà Mọ́níyà,
ó rí ṣákiṣàki,
ó bu ìka mi jẹ kí n tó kó o sórí ṣọ́bìrì.

Ẹ̀rọ tẹ ti àkọ́kọ́. Kò pẹ́ tó fi dún pàá.
Ẹ wá wo nǹkan: òkúta odò ò fọ́!
Ó kàn yọ kúrò ni, bọ̀rọ́,
bí kóró àgbálùmọ̀ ṣe ń yọ lẹ́nu,
ó fi ihò sílẹ̀, inú ihò náà ń dán.
Ìkejì jìyà pẹ́ kó tó gbà.
Nígbà tó là, àárín òkúta gan-an ni ìlà gbà kọjá;
sìmẹ́ńtì ò jọ̀wọ́ ẹ̀.

Rẹ̀mílẹ́kún rẹ́ wọn pẹlẹbẹ, ó fi wọ́n sábẹ́ awò.
"Wojú ẹ̀," ló wí.
Mo wò ó.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta tó dán, omi ló ti kọ́kọ́ jókòó;
omi gbẹ tán, ó fi yàrá òfìfo sílẹ̀,
ihò lórí ihò, ìbú wọn ò tó fọ́nrán irun.
Lára oníṣáki, abẹ́rẹ́ sìmẹ́ńtì hù wọ gbogbo kòtò,
wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn bí èèmọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìró.

Ohun tó dán, kì í dì.
Ṣùgbọ́n kí n má parọ́: ṣákiṣàki nira í pò.
Ẹ̀yìn á máa ro ọmọọṣẹ́, á ní kí wọ́n bu omi sí i,
omi tí ò yẹ kó bù.
Bàbá mi, Láníhùn bíríkìlà, mọ èyí.
Òkúta odò ló fi da dẹ́kì ilé wa l'Ókè-Òfà,
ó ní ó rọ̀ lọ́wọ́, ó wu ojú.

Mo délé lálẹ́ àná, iná ò sí.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ìlà tó wà lábẹ́ dẹ́kì,
èyí tá a ti fi ọ̀dà bò lẹ́ẹ̀mẹta.
Òkúta kan yọjú níbẹ̀, ó ń dán gbinrin.
Mo fi àtàǹpàkò tì í díẹ̀.
Ó mì
bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà.