Irin Tí Mo Fi Ń Gbọ́ Omi

Láago méjì òru ni iṣẹ́ mi máa ń bẹ̀rẹ̀,
nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ti dákẹ́ ní Òkè-Fìà,
tí ajá Ìgbọ̀nà ti gbó títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ.
Irin kan ni mo ní, ó gùn tó apá ọkùnrin.
Màá fi ìdí rẹ̀ lé orí páìpù,
màá fi etí lé orí rẹ̀,
màá sé èémí.

Omi tó ń jò kì í purọ́.
Bó bá jẹ́ ojú ìsopọ̀ ló ṣí, á máa súfèé;
bó bá jẹ́ ìpẹtà ló dá a lu, á máa sín bí ọmọ tí òtútù mú.
Bó bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, ẹ má tíì yọ̀:
kò sí omi níbẹ̀ rárá ni.

Làmídì, ọmọ iṣẹ́ mi, bi mí léèrè:
"Baba, èdè wo ni omi ń sọ?"
Mo ní, tan tọ́ọ̀ṣì síbí, kóo panu mọ́.
Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà tẹ̀lé mi dé Sábó,
níbi tí àwọn obìnrin ti to kẹ́ẹ̀gì kí ilẹ̀ tó mọ́.
Ẹnìkan ní ruwa, ẹnìkan ní mmiri,
ìyá arúgbó Fúlàní kan ní ndiyam,
Ìyá Mórádéyọ̀ tó wá láti Iléṣà ní omi,
ó fà á gùn bí ẹni ń fa okùn kànga.
Nígbà tí ẹ̀rọ ò dá wọn lóhùn,
Yorùbá ni gbogbo wọn fi bú mi.
Èyí tó dé sí ìlú lọ́dún tó kọjá
ni èébú tirẹ̀ já gaara jù.

Ní Òṣogbo wa yìí kan náà ni wọ́n jókòó sí
tí wọ́n ń darí iná gbogbo Nàìjíríà.
Mo máa ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá lẹ́yìn ọgbà wọn,
àwọn wáyà ń kùn lókè bí oyin.
Lódìkejì títì, obìnrin kan ń fi àbẹ́là ka owó àkàrà.
Mi ò sọ nǹkan kan. Omi ni tèmi.

Bí oṣù kẹjọ bá dé, àlejò á kún ìgboro,
kámẹ́rà lọ́rùn, eruku lẹ́sẹ̀,
wọ́n ń wá ọ̀nà igbó Ọ̀ṣun,
wọ́n fẹ́ rí ère tó lanu sí òfurufú,
àti àwọn ọ̀bọ tó ń já ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbà lọ́wọ́ ènìyàn.
Òyìnbó kan gbé ike òfìfo tọ̀ mí wá,
ó tọ́ka sí ẹ̀rọ ìjọba.
Mo ṣí i. Ẹ̀rọ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta,
ó tu afẹ́fẹ́, ó tu aláǹgbá kékeré kan.
Ó ya aláǹgbá náà ní fọ́tò, ó dúpẹ́.

Lọ́dún tí a gbẹ́ ilẹ̀ ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun,
ọkọ́ mi ba nǹkan, ó ró kò!
Mo rò pé páìpù ni. Àpáàdì ni,
inú rẹ̀ ṣì dúdú bí ìgbà tí aró wà níbẹ̀.
Ìyá Ráfátù yọjú lójú fèrèsé:
"Ẹ tún ti fọ́ ìkòkò ẹni ẹlẹ́ni!"
Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.
Èmi yára da yẹ̀pẹ̀ bò ó.

Omi kan wà tí a ò rí mú títí mo fi fẹ̀yìn tì:
ọdún mẹ́rin ló fi ń sọnù ní Òkè-Baálẹ̀,
ìwé ọ́fíìsì ń sunkún rẹ̀ lóṣooṣù.
Wọ́n fún mi ní aago ògiri, kò ṣiṣẹ́.
Irin náà, mi ò dá a padà.

Lálẹ́ àná, oorun kọ̀ mí.
Mo fi irin lé ilẹ̀ yàrá,
láàrin bẹ́ẹ̀dì àti àpótí aṣọ,
bí ẹni ń ṣeré.

Ó ń súfèé.

Ràlíátù yí ojú sí ògiri, ó ní:
"Ó ti pẹ́ tí ilẹ̀ ibẹ̀ yẹn ti ń tutù.
Mo ṣebí o mọ̀."