Ìdajì Ṣíbí

Bẹ́ẹ̀dì òkè ni Tinúadé ń sùn, ìsàlẹ̀ ni tèmi,
ní họ́stẹ̀lì tó kọjú sí omi Ẹlẹ́yẹlé,
tó kẹ̀yìn sí àwọn òrùlé Ìbàdàn
tó ti dípẹtà, tó pọ́n bí èèpo ẹ̀pà.
Ọdún ọyẹ́ ńlá ni. Ètè gbogbo wa ń ya.
Mo fi ahọ́n lá ẹ̀jẹ̀ ètè mi,
mo rí i pé ojú ọ̀rẹ́ mi kò kúrò níbẹ̀.

N kò pariwo.
Kí ni mo fẹ́ pariwo lé lórí?
Ẹni tó ń bá mi pọn omi, tó ń fún mi ní ẹran rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú,
tó ní kòkó àárọ̀ kò bá òun lára mu,
tí òòyì máa ń kọ́ bí oòrùn bá mú lórí pápá,
tí mátíróònì ń pè ní ọ̀lẹ.
Àwọn ọmọ yòókù ní àjẹ́ ni.
Àjẹ́ kì í tọrọ.
Tinúadé tọrọ.

“Láoyè ni,” ló wí lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn,
“Láoyè kíláàsì karùn-ún, ọmọ Òkè-Àrẹ̀mọ,
tó ń fi ẹsẹ̀ òsì gbá bọ́ọ̀lù.
Ó ní kí n wá sẹ́yìn láàbù lálẹ́ Sátidé.
Ọrùn rẹ̀, Ìbíwùmí! Mo ń gbọ́ ọrùn rẹ̀
láti kíláàsì kejì sí tiwa.
Bí ebi bá ń pa mí nígbà tó bá dì mọ́ mi,
n kò lè búra fún ara mi.”

Ṣíbí Máílò mi ni a fi wọ̀n ọ́n,
èyí tí ìyá mi fi ìṣó kọ orúkọ mi sí lára.
Abẹ́rẹ́ ìránṣọ, àtàǹpàkò òsì,
ìdajì ṣíbí, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀,
ní gbogbo Sátidé kí agogo mẹ́jọ tó lù.
Á di ojú mu ún bí ọmọdé tó ń mu àgbo,
á nu ẹnu, á ní, “Ṣé mo dára?”
Mo ní ó dára. Ó dára lóòótọ́.
Ẹ̀jẹ̀ mi ló ń tàn lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Èmi ni mo ń ṣọ́nà nídìí igi máńgòrò,
mo ń fa àtàǹpàkò mi lẹ́nu bí ìkókó,
mo ń gbọ́ ẹ̀rín ọmọkùnrin kan
tí kò mọ ẹni tó ń san owó ọrùn òun.
Lẹ́tà mọ́kànlélógún ló kọ sí i. Mo kà wọ́n tán.
“Bá mi kí ọ̀rẹ́ rẹ yẹn.”
Yẹn!

Ta ni mo ń jowú nínú àwọn méjèèjì?
Ẹ má bi mí. Mo bi ara mi títí dé ìdánwò àṣekágbá.
Wọ́n ní ọ̀rẹ́ ẹni kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ẹni.
Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ kò ní àpá.

Láoyè wà ní Jẹ́ríkò báyìí, ó ń ta awò ojú, ó ti sanra.
Lọ́jọ́ tí a parí ìwé, bẹ́ẹ̀dì òkè ṣófo.
Ṣíbí mi wà lórí ìrọ̀rí,
ó ti fọ̀ ọ́, ó ń dán.

Ọdún mẹ́rìnlélógún.
Oṣù tó kọjá, mo gbé ìrẹsì àti dòdò
lọ wo ọmọbìnrin mi ní ilé-ìwé kan náà.
Òjò ṣú. Lábẹ́ máńgòrò,
ẹnì kan wọ yunifọ́ọ̀mù àtijọ́,
aláwọ̀ ewé tí wọn kì í rán mọ́.
Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, síbẹ̀, síbẹ̀.
Ó wo ewú orí mi. “O ò dúró dè mí,” ló wí.
Ojú rẹ̀ sún lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi.
Mo bọ́ sáàárín wọn, mo tú báàgì,
mo yọ abẹ́rẹ́, mo yọ ṣíbí.
(Ẹ má bi mí ohun tí ṣíbí ń wá nínú báàgì.)

Tinúadé rẹ́rìn-ín.
“Ìbíwùmí, mo ti jẹun. Mo kàn wá kí ọ ni.”

Inú mi bàjẹ́.
Ẹ jẹ́ kí n sòótọ́, inú mi bàjẹ́.