Apásá Tuntun

Ọkọ mi rà á bọ̀ láti Kàbà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta,
ó fi bébà sìmẹ́ǹtì wé e bí ẹni wé ẹja yíyan.
Ó ní, "Gbà, igi apá ni, kò ní tẹ̀, kò ní là."
Mo gbé e sókè. Ó wúwo bí ọ̀rọ̀ àna.
Ó ń dán. Káfíńtà ti fi fáníṣì kùn ún
títí mo fi rí ojú ara mi nínú rẹ̀,
mo sì rẹ́rìn-ín sí ojú náà bí òmùgọ̀.

N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè.
Aṣọ tíṣà kan ní Ìyàrá wà lójú òfì,
ó ti san ìdajì owó, ó ti ń ránṣẹ́.
Mo ti apásá bọ àárín òwú,
mo lù ú lẹ́ẹ̀kan, mo lù ú lẹ́ẹ̀mejì, ó ń lọ;
lẹ́ẹ̀kẹta, ó há.
Mo fà á. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: ìbínú ni mo fi fà á.
Fọ́nrán mọ́kànlá já pọ̀,
ìró wọn kò ju ti ẹni tó ń feyín gé èékánná lọ,
ṣùgbọ́n gbogbo ara mi ló gbọ́ ọ.

Ìyé Fèyíkẹ́mi ní kí n máa sunkún,
kí n sáà máa rìn bí mo ti ń sunkún:
"Olúkọ̀tún ṣì ń bẹ láyé ní Ìyámọyè.
Ohun tuntun kò tí ì di ohun èlò.
Ọmọ tuntun ńkọ́, ọjọ́ tí a bí i ló ń roko?"

Ọ̀kadà gbé mi, apásá lórí itan,
ọyẹ́ ń la ètè mi bí ẹni ń la obì.
Bàbá náà kò wojú mi. Apásá ló wò.
Ó di ojú kan, ó na igi náà sí oòrùn
bí ọdẹ tó fẹ́ yìnbọn. "Ó wọ́ díẹ̀ níbí."
Èmi ò rí nǹkan kan.
Ó wá fi èékánná tọ etí rẹ̀ láti ìdí dé orí.
"Gbọ́."
Mo gbọ́. Kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́,
bí eku nínú àká.
"Níbẹ̀ ni òwú rẹ ti ń kú."

Àfọ́kù ìgò ló kọ́kọ́ mú.
Ó fi ha fáníṣì náà, gbogbo dídán tí ọkọ mi sanwó fún
ń já bọ́ lé e lẹ́sẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja.
Ó dùn mí. N kò sọ.
Ó kan ewé ìpín: ó ń ra á, ó ń tẹ́tí, ó ń ra á,
títí èékánná fi kọjá láìsọ̀rọ̀.
Ó dá etí rẹ̀ sí kó mú, bí etí àwo ti ń mú,
ṣùgbọ́n nígbà tó dé orí, ó ra orí náà kújú.
Mo ní, "Bàbá, kí ló dé?"
"Orí ló ń kọ́kọ́ wọlé.
Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé kì í mú ọ̀bẹ dání,
ó ń kí àwọn tó bá nílé ni."

Ó yọ́ òrí lórí ẹ̀yinná,
ó fi pa á, igi ń mu, ó tún fi pa á,
ó ní kí n gbé e sùn, kí n nu ìyókù nù láàárọ̀.
"Òrí tó bá ṣẹ́kù, aṣọ oníbàárà ni yóò mu ún."
Ó gba ẹgbẹ̀rún kan. Ó dá igba náírà padà fún mi,
ó ní kí n fi ra omi.

Apásá mi ń wọlé báyìí bí ológbò.
Ọkọ mi gbé e wò, ó ní, "Dídán rẹ̀ dà?"
Mo ní ó ti wọnú.
Kókó mọ́kànlá wà lára aṣọ tíṣà yẹn,
lápá òsì, nítòsí etí.
Kò tí ì bèèrè.