Etí Tó Kù Sínú Ihò

Lamzira ń sọ̀rọ̀ nínú gíláàsì, n kò gbọ́ ọ.
Ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé,
bí ẹja inú abọ́ omi tí wọ́n ń tà lẹ́bàá odò Rioni.
Ó rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín láìmọ ìdí.
Ó nàka sí etí. Mo mi orí.
Nígbà tó yá ó kọ ọ́ sórí bébà, ó gbé e sójú ẹ̀rọ láti Bari lọ́hùn-ún:
"Màmá, ohùn yín ń dé. Tèmi ni kò dé."

Ẹ wo ìyà. Èmi, Nargiza,
tí mo fi ọdún mọ́kàndínlógún jókòó
níwájú pátákó oníhò ní ilé tẹlifóònù Kutaisi,
tí mo ń fa okùn láti ihò dé ihò,
tí mo ń so ọkọ mọ́ aya, dókítà mọ́ aláìsàn,
ẹni tó jẹ gbèsè mọ́ ẹni tó yá a lówó.
Ohùn gbogbo ìlú gba ọwọ́ mi kọjá.
Ohùn ọmọ mi wá dúró lẹ́nu ọ̀nà,
kò rí ẹni ṣílẹ̀kùn fún un.

Mo yí bọ́tìnnì sípíkà dé òpin.
Iná rẹ̀ ń tàn, ó ń wò mí bí ológbò tó ti jẹun tán.
Mo yọ wáyà, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, mo tì í padà.
Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tàn án.
Mo pa á, mo ka ọgọ́rùn-ún, mo tàn án.
Nísàlẹ̀ ojú rẹ̀, lápá ọ̀tún, àwòrán sípíkà wà níbẹ̀,
ẹnikẹ́ni kò fa ìlà kọjá lára rẹ̀.
Ọ̀pá àwọ̀ ewé ń fò sókè, ó ń fò sódò:
ohùn ń lọ, ó ní.
Ó ń lọ o! Níbo?

Vazha tó ń tún fóònù ṣe ní,
"Ẹ yọ awakọ̀ ohùn kúrò, ẹ fi òmíràn sí i."
Awakọ̀ wo, èmi tí n kò ní mọ́tò?
Ó fi sùúrù kọ́ mi, mo yọ ọ́.
Awakọ̀ tuntun dé. Òun náà yadi.
Omari, bàbá rẹ̀, ti orí àtẹ̀gùn sọ̀rọ̀:
"Ó ti darúgbó. Ẹ rọ́pò rẹ̀."
Mo ní, èwo nínú àwa méjèèjì?

Lóru, mo gbé tọ́ọ̀ṣì, mo kúnlẹ̀ ti àpótí náà.
Eruku. Ìkórun kan tí mo ti ń wá láti Àjíǹde.
Lẹ́yìn, ihò osùn, ihò ewé, ihò aró, gbogbo wọn pé.
Níwájú, ihò kan ń dán nínú.
Ihò kì í dán.

Mo rántí Oṣù Kẹsàn-án,
ọmọ ọmọ mi tó sáré jáde pẹ̀lú iápíìsì létí,
wáyà tẹ̀ lé e, orí rẹ̀ kò tẹ̀ lé e.
Ó ṣẹ́ sínú.
Àṣé láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ ti gbà pé ẹnìkan ń gbọ́ òun,
ó ń rọ gbogbo ọ̀rọ̀ ọmọ mi sínú etí tí kò sí lórí ẹnikẹ́ni.
Lẹ́nu iṣẹ́ wa, a máa ń wí pé:
"Ẹ jọ̀wọ́, wọ́n ń lo ìlà náà lọ́wọ́."

Mo fi ìṣáná rọ ẹnu ike inú bírò,
mo tì í wọlé, mo jẹ́ kó tutù,
mo fà á bí ẹni ń fa ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ.
Ó jáde: àwọ̀ wúrà, kò ju eyín ìkókó lọ.

Mo ti gbàgbé pé mo yí bọ́tìnnì dé òpin.
Ọkùnrin kan bú jáde, ó ń polówó tìmùtìmù!
Àwo gbọ̀n lórí pẹpẹ, Omari gbá ògiri.
N kò pa á. Mo gbọ́ ọ títí ó fi dárúkọ iye owó.

Ní Sátidé, Lamzira yọjú, ó rẹ́rìn-ín
irú ẹ̀rín tí mo ti ń wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Ikọ́ wà lábẹ́ rẹ̀.
Mo ní, "Tún un ṣe."
Ó ní, "Kí ni, Màmá?"
Mo sún mọ́ sípíkà.
"Ikọ́ yẹn."