Ọkàn Pupa Kékeré

Nínú ilé tí wọ́n kó wa sí l'Ájàṣẹ́, lẹ́bàá ọ̀sà,
kámẹ́rà mọ́kànlá ló ń wò wá jẹun.
Sẹ̀nami ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.
Ẹnìkan ti hú ọ̀rọ̀ Mùtíátù jáde lórí Fesibúùkù,
ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn:
"Ẹ̀yin ará orí omi, ẹ fọwọ́ kí ẹ tó bọ̀ wá lọ́wọ́,
òórùn ẹja kì í tán lára yín."

Ọmọ orí omi ni Sẹ̀nami.
Ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ nìyá rẹ̀ fi ń kó ẹja gbígbẹ wá sọ́jà,
òun ló fi rán an níwèé.

Láwàní da ọbẹ̀ nù.
Bíọ́ ará Ṣábẹ̀ẹ́ ní kí wọ́n lé e kílẹ̀ tó mọ́.
Mùtíátù ń sunkún: "Àwàdà ni! Mo ti pa á rẹ́!"
Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀.
Èyí ò fọ́.
A sàba lé e fọ́dún mẹ́ta, ó wá pa.

Èmi ò sọ nǹkan kan.
Mò ń gé àlùbọ́sà tẹ́nikẹ́ni ò ní jẹ.
Lábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn, bẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa,
ọkàn pupa kékeré mẹ́rìnlélógún ló wà níbẹ̀.
Èmi ni mo tẹ ọ̀kan.

Sẹ̀nami rọra gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi.
"Jẹ́ n bá ọ gé e," ló wí, "ojú ń ta ọ́."